Ìkorò Ẹnu, Ìkorò Ọkàn

Òórùn kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò máa ń gba gbogbo àgbàlá wa ní Ìlóro. Ó ń kan, síbẹ̀ adùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ló máa ń bò ó, òun ló sì máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Nígbà tí àlejò ará Jàpáàní kan fi wá, Ìyá ti sùn nínú Olúwa. Bàbá mi ló ń bò ó, kò sì mọ̀ ọ́n bò bíi tirẹ̀.

Kòkó mímu ni àlejò náà ń ṣe, kòkó oko wa ló sì fẹ́ fi ṣe é. Ó ní àwọn Àsítẹ́ẹ̀kì, ará Mẹ́síkò àtijọ́, ń pe ohun mímu náà ní xocolatl, àwọn kan sì túmọ̀ rẹ̀ sí omi kíkorò. Ìtumọ̀ yẹn ló fẹ́ kọ sára páálí ní èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkorò tiwọn pín sí méjì: nigai ni ti ẹnu, tsurai ni ti ọkàn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí pé kí n bi olóko, èwo ni kí òun kọ.

Korò kan ṣoṣo ni Yorùbá fún mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìkorò wo ni kó kọ?"

"Tíṣà, ṣé ìkorò náà ti wá ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín; iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe ló fi ń pè mí ní Tíṣà. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Ti ọkàn ni kó kọ. Ìyá rẹ ló gbin igi wọ̀nyẹn, kò sì tọ́ ohun tí wọ́n ń fi kòkó ṣe wò rí kó tó lọ. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí. Àlejò náà tẹríba, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè, ó ní òun á gbìyànjú.

Nígbà tí páálí náà dé, Bàbá wọ awò ojú, ó ń fi ìka tọ àwọn àmì ara rẹ̀. "Ṣé ti ọkàn ni?"

Mo gbé fóònù mi sí i, fóònù náà sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Rárá, Bàbá. Ti ẹnu ni."

Ó po díẹ̀ nínú rẹ̀, ó mu ún tán láìfi ṣúgà sí i. "Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́," ni ó wí. "Ta ni yóò ra ti ọkàn?"

Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oko yẹn, òun ló rán gbogbo wa níwèé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, mo mọ̀ pé ìwọ̀nba tí etí lè gbà ni mò ń sọ. Ìyókù, mo fi í sílẹ̀ fún Ẹni tí kò nílò ògbufọ̀.