Àlàfo Dúdú Tí Kúlúsúmù Kùn

Kúlúsúmù ló ń kọ àkọlé sára pátákó ní Ẹdẹ láyé ìjọba ológun. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ náà, nítorí bàbá ò bí ọkùnrin, kò sì fẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì òun gbẹ. Àwọn onígbàjámọ̀, àwọn télọ̀, àwọn tó ń lẹ táyà, òun ni gbogbo wọn ń wá. Bó bá ń kùn, á máa bá ọ̀dà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Rọra o, má ṣàn, dúró síbi tí mo fi ọ́ sí."

Lọ́dún 1994, nǹkan le. Epo wọ́n, sìmẹ́ńtì wọ́n, ọ̀dà pàápàá wọ́n débi pé àwọn onísọ́ọ̀bù jẹ́ kí àkọlé wọn máa ṣí dànù. Sàídì, ọkọ Kúlúsúmù, bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́lé? Ilé ló jókòó sí, ara rẹ̀ ò sì gba ìjókòó. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe, ó tún ilé adìẹ ṣe, ó tún wá ń wò kiri ohun tó kàn.

Àkókò yìí ni Ayọ̀dèjì wọlé wá. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ sáyẹ́ǹsì, wọn ò sì rí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ó ní kí Kúlúsúmù bá òun ya ìràwọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà sórí pákó, pẹ̀lú eruku tó yí i ká.

"Eruku kẹ̀? Lójú ọ̀run?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Mubarakah. Ìràwọ̀ tuntun máa ń ní eruku àti afẹ́fẹ́ yíká, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Eruku yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ra wọn díẹ̀díẹ̀ tó ń di òkúta, tó fi ń di ayé bíi tiwa yìí."

Ó fi igi fa òbìrìkìtì méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, ó na ìka sí àárín wọn. "Ṣùgbọ́n ibí yìí, dúdú ni kẹ́ ẹ kùn ún o. Àwọn onímọ̀ rò pé bí ayé tuntun bá ń yípo ìràwọ̀, á máa kó eruku ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ra, á máa ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ọ̀nà náà á wá ṣófo. Wọn ò tíì fojú rí i kedere. Inú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀."

Kúlúsúmù ronú, ó rẹ́rìn-ín. "Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ibi tó bá ti ń yípo, koríko ibẹ̀ á tán."

"Ó fara jọ ọ́," ni Ayọ̀dèjì wí.

Kúlúsúmù po ìyókù ọ̀dà tó wà nílé pọ̀, ó ku yanrìn kíkúnná lé e kó tó gbẹ, eruku sì jọ eruku lóòótọ́. Ojú ọ̀nà tó ṣófo nìkan ló kù, nítorí kò ní ọ̀dà dúdú. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Alajue.

Nígbà tó dé, Sàídì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mo rí i pé ọ̀dà tán mọ́ ọ lọ́wọ́, àánú ẹ ṣe mí. Mo lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà, mo ti bá ọ dí i."

Kúlúsúmù wo pákó. Ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ ti bo ojú ọ̀nà náà pátápátá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá Mubarakah! Ihò yẹn gan-an niṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi!"

"Ihò? Ta ló ń gbéṣẹ́ ihò fúnni?"

Inú ti fẹ́ bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọ̀dà ní imú ọkọ rẹ̀, àti bí ojú ọkùnrin náà ṣe fà ro lójijì, ẹ̀rín ló gbé e. Sàídì náà bá a rín in títí omi fi jáde lójú wọn.

Ilẹ̀ mọ́, Sàídì mú abẹ, ó ha ọ̀dà náà títí ó fi kan pákó. Kúlúsúmù ní tirẹ̀ gún èédú pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ṣe fún pátákó ìkọ̀wé, ó sì fi í pa ojú ọ̀nà náà. Bó ṣe gbẹ, kò dán rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà tó ń dán, ńṣe ló jọ ihò tó jìn lọ sẹ́yìn pákó.

Lọ́jọ́ sáyẹ́ǹsì, Alàgbà Samuel, alága àwọn òbí, dúró níwájú àwòrán náà, ó ní, "Ẹ ti gbẹ́ igi yìí jù." Ó ki ìka bọ̀ ọ́ kó lè mọ bó ṣe jìn tó, ìka kan pákó gbọnran. Ó fi ọwọ́ kan náà, tí èédú ti lẹ̀ mọ́, nu òógùn iwájú orí. Gbogbo gbọ̀ngán hó yèè. Nígbà tí wọ́n fi dígí hàn án, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó gbọ́ àlàyé Ayọ̀dèjì dópin, tó sì ń bèèrè ìbéèrè bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ilé-ìwé kan ránṣẹ́ láti Awo, wọ́n fẹ́ àwòrán ọkàn èèyàn. Àwọn mìíràn fẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Sàídì ló ń gé pákó, tó ń fá a kó jọ̀lọ̀, Kúlúsúmù á sì yà á, wọ́n á jọ gbé e lọ. Lọ́nà Awo lọ́jọ́ kan, èrò ọkọ̀ kan bi Sàídì bóyá òun ló ya àwòrán tí wọ́n gbé dání.

"Rárá o," ni Sàídì dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀gá mi nìyẹn."