Ọjọ́ tí Mo Sùn Níbi Eré Ọmọ Mi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo Sátidé ayé mi, n kò lè gbàgbé èyí tí Tèmi, ọmọ mi obìnrin, kọ́kọ́ ṣe DJ ní gbọ̀ngàn kan ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà níbí.

Láti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Laurel ni mo ti wakọ̀ lọ tààrà, ẹsẹ̀ mi ti wú. Orin àwọn ará South Africa ni Tèmi ń lò. Orin náà kì í kánjú: á máa rọra lọ, gbogbo èèyàn á máa retí ìgbà tí ìlù ńlá rẹ̀ máa wọlé. Èmi ò lè retí. Oorun gbé mi lọ lórí àga.

Lójijì ni mo ta jí. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá tí mò ń tọ́jú ni mo sùn sí. Mo fò dìde, mo kígbe: "Mo ń bọ̀, Mà!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Àwọn ọ̀dọ́ ń kùn pé Tèmi kọ̀, kò jẹ́ kí ìlù ńlá náà wọlé.

Tèmi, tí kì í sọ Yorùbá níta, gbé maikirofóònù sẹ́nu: "Mọ́mì mi ti jí. Ó yá!"

Ìlù bú jáde, ilé mì tìtì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yìí. Ọmọ yẹn nìkan ló dá nǹkan dúró nítorí oorun mi rí.