Ohùn Tó Mọ Oríkì Ayálégbé

Gbogbo ẹni tó gbé ilé yìí rí ni mo mọ lórúkọ, àti ayálégbé àti ọmọ onílé, títí kan ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Mo máa ń ka orúkọ wọn láàárọ̀ tí mo bá jí tí mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ìkankan síbí. Orúkọ ló dá wàhálà ilé yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ilé náà ṣì wà ní Ìkòtún, kò jìnnà sí títì tó lọ sí Ìgàndò. Petéèsì ni. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ nígbà tí gbogbo àyíká wa ṣì jẹ́ oko obì àti igbó, ó sì lọ mú bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà wá láti Èkó. Ẹni yẹn ló fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sókè fèrèsé, tó ri òpó róbótó méjì síwájú ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ ìtàn. Wọ́n ní ẹnì kan já bọ́ lórí àkàbà nígbà tí wọ́n ń kan òrùlé, òun ló ń rìn kiri lókè. Wọ́n ní Bàbá fúnra rẹ̀ máa ń yọjú ní fèrèsé lọ́sàn-án, tòun ti fìlà. Èmi kàwé díẹ̀, mi ò kà jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló rí i? Wọ́n á ní ẹnì kan ni. Ẹnì kan wo? Wọ́n á ní kí n má béèrè mọ́.

Bàbá wà nínú ilé náà lóòótọ́ ṣá, ìyẹn kì í ṣe ìtàn. Iyàrá ìsàlẹ̀ tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, bí àwọn àgbà ti ń ṣe é. Wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ìyá ọkọ mi, tí iyàrá tirẹ̀ wà lókè, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà. Lẹ́yìn ògiri iyàrá Bàbá gan-an ni tánkì sìmẹ́ǹtì wa wà. Páìpù irin gbọ̀ngbọ̀n kan ló ń gbé omi òjò wá sínú rẹ̀ láti orí òrùlé.

Ìyá ní ìṣe kan. Bí àlejò bá dé, tàbí bí ayálégbé tuntun bá kó ẹrù wọlé, kò ní béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ní béèrè ìlú rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń kì ọ́ nílé yín?" ni yóò kọ́kọ́ bi í. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó níbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé ìyá wọn nìkan ló mọ oríkì wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ ọ́. Ìyá á fi kí wọn lọ́jọ́ náà. Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ kejì, "ọmọ mi" ni gbogbo èèyàn. Èmi rò pé ó máa ń gbàgbé ni, nítorí ó ti darúgbó.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a wọ náíńtíìsì, ojú títì wa bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú ọjà. Àwọn èèyàn ń wó ilé kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ọkọ mi náà gbé ọ̀rọ̀ dé.

"Ilé amọ̀ ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká tà á kó tó wó lu èèyàn."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"A ó gbé e."

"Ẹ ó gbé e lọ síbo?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá rà á kò ní béèrè ta ló sùn sábẹ́ ilẹ̀. Katapílà ni yóò mú wá. Bẹ́ẹ̀, Ìyá ti fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó fẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó tọ́ka sí i lójú gbogbo wa.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni ohùn bẹ̀rẹ̀. A ní ayálégbé kan, akọ̀wé ìjọba, ará Èkìtì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í sọ ìsọkúsọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bọ́ táì, ó gbé omi inú korobá lọ fọjú létí tánkì. Omi ṣì ń ro lágbọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá mi ní ìdáná.

"Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Mi ò pè yín o. Bóyá ìyàwó yín ni."

"Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n. Oríkì mi ni wọ́n pè. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. Èyí, ohùn ọkùnrin àgbàlagbà ni. Inú iyàrá tẹ́ ẹ tì yẹn ló ti wá."

"Ṣé ẹ dáhùn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé bó o bá gbọ́ tí wọ́n pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, ṣe lo máa ń panu mọ́.

Kò pẹ́ sí i, ó kan obìnrin tó gba iyàrá kejì, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Òun kò sá. Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó tan àbẹ́là yí tánkì ká, ó ń mi agogo. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ẹ̀mí àgbà kan ló wà níbí. Kò fẹ́ àlejò."

Mo ní, "Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, àbí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún un?"

"Ìyàwó ilé yìí, ẹnu yìí máa kó bá ọ, jàre."

Láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé Akówọnjọ. Mo lọ ra ẹ̀fọ́ ní Egan, ẹlẹ́fọ̀ọ́ wò mí títí, ó ní ṣé èmi kọ́ ni mo ń gbé ilé òkú tó ń pe èèyàn.

Àbúrò ọkọ mi ni mo fura sí. Kí ló dé tí ohùn kò sọ̀rọ̀ rí àfi ìgbà tó lóun fẹ́ talé? Bí ayálégbé bá kó lọ tán, ta ni yóò tún ní kó má tà á? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bàbá ti kú kí akọ̀wé yẹn tó mọ ọ̀nà Ìkòtún. Ta ló wá sọ oríkì rẹ̀ fún òkú? Alààyè ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo lọ bá ọkọ mi. Inú tánkì ló wà, ó ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Mo yọrí sí ẹnu tánkì, mo bá a sọ̀rọ̀ látòkè.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, àbúrò yín ló ń ṣe iwin yìí."

"Àbúrò mi? Èyí tí kò rántí oríkì ara rẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ró nínú tánkì bí ẹni pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀. "O ti di ọlọ́pàá."

"Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé jáde nílé ló ń di ọlọ́pàá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àbúrò ọkọ mi. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀, mo máa ń wá nǹkan gbá lágbàlá. Mo ku eérú síwájú ilẹ̀kùn iyàrá Bàbá kí n lè rí ojú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ adìyẹ nìkan ni mo rí.

Akọ̀wé kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Òjò bẹ̀rẹ̀, tánkì kún, ohùn sì dákẹ́. Jálẹ̀ ìgbà òjò, kò pe ẹnikẹ́ni. Èyí tún mú mi fura sí i. Mo bi Ìyá pé irú òkú wo ni òjò ń dí lọ́wọ́.

"Bóyá òtútù ń mú un," ló wí, ó ń jẹ obì rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àbúrò ọkọ mi mú oníbàárà kan wá. Ọkùnrin náà wọ agbádá tó gúnlẹ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́. Ó gòkè lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Ìyá bi í bó ti máa ń bi gbogbo èèyàn. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ oríkì rẹ̀ fún un, Ìyá fi kí i. Lẹ́yìn náà oníbàárà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka kan ògiri bí ẹni tó ń ra ìkòkò.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí wọ́n padà wá. Ọ̀sán ni. Ìdí tánkì ni wọ́n dúró sí. Mo dúró síbi tí mo ti lè rí ẹnu àbúrò ọkọ mi dáadáa. Mo ní bí ohùn bá sọ̀rọ̀ lónìí, màá rí i mú. Ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí katapílà máa gbà wọlé. Ohùn bá pe oníbàárà náà. Oríkì rẹ̀ ló pè, ó fà á díẹ̀díẹ̀, bí bàbá ti ń pe ọmọ tó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀.

Ẹnu àbúrò ọkọ mi kò mì. Òun ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Oníbàárà wo ilẹ̀kùn iyàrá Bàbá. Ó ṣí fìlà, ó dè é padà, ó sì yíjú sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná," àbúrò ọkọ mi ń sáré tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá, atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn tó mọ oríkì mi?"

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Kì í ṣe àbúrò ọkọ mi. Mo sáré gòkè kí ẹ̀rù má bàa pa Ìyá. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí páìpù òjò gbà kọjá. Ó ti ṣí ìdérí tí a máa ń ṣí bí ewé bá dí i. Gèlè rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìpẹtà páìpù pọ́n sí i létè.

"Ti ilẹ̀kùn, ìyàwó mi."

"Ìyá, ẹ̀yin ni?"

"Ta lo rò pé ó jẹ́?"

Ó mọ ẹni tí mo fura sí. Ó ní, "Àbúrò ọkọ rẹ kò lè ṣe é. Oríkì ta ló béèrè rí?"

"Akọ̀wé wa ńkọ́? Kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ gidi ni. Ká ní ọ̀mùtí ni mo pè, ta ni ì bá gbà á gbọ́?" Ó fi gèlè nu ẹnu. "Ilé tí òkú bá ti ń sọ̀rọ̀, wọn kì í rà á. Ibi tí màá sùn sí ni mò ń ṣọ́. Má sọ fún ọkọ rẹ. Kò lè fi nǹkan pa mọ́ fún àbúrò rẹ̀."

Mi ò sọ fún un. Oníbàárà náà kò padà wá, kò sì sí ẹlòmíràn tó wá fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí Ìyá lọ, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, níbi tó tọ́ka sí.

Ọkọ mi náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Kò tíì pé ọdún. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tánkì yẹn. Bó bá gbẹ nìkan ni ohùn Ìyá ń ró nínú rẹ̀ bí ti ọkùnrin. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, àní nígbà tí a ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rùwà. Ó ní nítorí ẹ̀fọn ni. Ilé wo ni kò sí ẹ̀fọn? Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pe oríkì mi. Òun nìkan ló kù tó ń pè é. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi omi sínú tánkì lẹ́ẹ̀rùn o."

Mo ní kí ló dé.

"Ẹ̀fọn," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo fura pé ó mọ̀. Mo fura pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣe é ni, tí Ìyá sì ń tàn mí. Mi ò rí ẹni bi mọ́. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án, mo máa ń lọ jókòó sídìí tánkì. Mo mọ ohun tó wà nínú páìpù yẹn, ìpẹtà àti ewé gbígbẹ ni. Mo ṣì ń jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó ń fi fóònù ya àwòrán òdòdó orí fèrèsé. Wọ́n ní ó kàn fẹ́ wo ilé ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ó ní, "Grándmà, ẹ kú ilé." Mo ní kó jókòó.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń kì ọ́ nílé yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ìyá òun nìkan ló ń pe òun bẹ́ẹ̀, ó wá sọ ọ́ fún mi. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ bó ṣe máa rí lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo inú tánkì. Omi òjò tó kọjá ṣì kù nísàlẹ̀. Mo lọ mú korobá.