Ọjọ́ tí A Kọjá Níwájú Ilé Ìwòsàn Wa

Inú kòtò epo ni mo wà, tí mo ń fẹsẹ̀ po ẹyìn, nígbà tí nǹkan gún mi nídodo. Mo ní ebi ni. Mo fi ọ̀já di ikùn pinpin bí àwa elépo ti ń ṣe, mo ń báṣẹ́ lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìrora ti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, mo sì ń bì. Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá ṣe yín báyìí, ẹ má di ọ̀já kankan o.

Ọkọ mi, Bàbá Súlé, gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, ó kọrí sí Porto-Novo. A gba iwájú ilé ìwòsàn kékeré wa ní Tchaada kọjá. Ẹ má bínú sí i. Tẹ́lẹ̀, asiráńsì ìjọba, adójútòfò ìlera tí a forúkọ sí, kì í gba iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ni pé kì í sanwó rẹ̀, àfi níbi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ bá ń gbé. Tiwa kì í gbé ibẹ̀, Ọjọ́rú Ọjọ́rú ló ń wá. Ó ti mọ́ gbogbo wa lára láti máa kọjá.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ rí wa, ó gun alùpùpù tirẹ̀, ó lé wa bá.

"Bàbá Súlé, níbo lẹ ń gbé màmá lọ?"

"Porto-Novo. Ṣebí asiráńsì kò gbà á níbí."

"Ó ti ń gbà á! Wọ́n ti dẹ òfin náà, dókítà tó ń wá ti tó. Ọjọ́rú sì lòní. Ẹ yí padà, kíá!"

Dókítà tẹ ikùn mi. Ìgbà tó gbọ́wọ́ kúrò ni mo pariwo jù. Ó ní apandisíìtì ni: ìfun ṣóńṣó kan tó rọ̀ mọ́ ìfun ńlá ló wú, tó ti kún fún ọyún. Ó ní bó bá bẹ́ sínú, ẹ̀mí lè bá a lọ, a ò sì ní dé Porto-Novo kó tó bẹ́. Bàbá Súlé bú sẹ́kún lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, àmọ́ mo bi í léèrè pé, "Èmi ni wọ́n fẹ́ là, àbí ìwọ?"

Wọ́n là mí, wọ́n yọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá rẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ á dùn mí wọra, bẹ́ẹ̀ ògì tí ọkọ mi ń se, kókó ló pọ̀ ju omi lọ. Mo jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́. Ó fọ aṣọ mi, ó sá a síta lójú gbogbo ayé. Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣaláìní in.

Ní báyìí, bó bá rí aláìsàn lẹ́yìn alùpùpù, á sáré bọ́ sójú títì: "Ẹ yà síbí o, wọ́n ń gbà á!" Èmi, mo máa ń fọwọ́ pa àpá náà láràárọ̀. Mo máa ń ní, ara mi, mo fi ọ̀já fún ọ pinpin, mo tún gbé ọ kọjá níwájú ilé ìwòsàn, o ṣì dúró dè mí. O ṣeun.