Ọ̀bọ ni Wọ́n Lé, Kòkòrò ni Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ilé ẹbí wa ní Ìta Fájì máa ń rùn bí igi àtijọ́ tí òjò ti pa, pẹ̀lú òórùn ẹja gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti Èbúté Èrò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ń gbé, nínú yàrá tí wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ibẹ̀ làwọn máa kú sí.

Àbúrò màmá mi ló gbé ọ̀bọ kan wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀bọ náà ya sílíìnì, ó ń já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ń fò lórí àtẹ̀gùn onígi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́lé. Inú àtẹ̀gùn kan náà ni kòkòrò tí ń jẹ igi wà, tó ń ṣe tirẹ̀ láìpariwo. Àràárọ̀ ni mò ń gbá ìyẹ̀fun tó ń dà láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, wọn a fi ọ̀dà kun ihò náà, àtẹ̀gùn a máa dán, wọn a ní àwọn ti tún un ṣe. Inú ń bí mi, àmọ́ ilé ẹbí ni: ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ dá pàákó kan yọ láìjẹ́ pé gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i.

Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí pe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán sọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà. Kòkòrò ti jẹ àtẹ̀gùn yẹn tán."

"Ọ̀bọ la rí," Bàbá dáhùn. "Ìwọ rí kòkòrò kankan ńbẹ̀ ni?"

Wọ́n lé ọ̀bọ lọ, ara tu gbogbo ilé. Kò pẹ́ sígbà náà, màmá àgbà ń sọ̀ kalẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, pàákó já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, eegun itan wọn ṣẹ́. Bàbá wo àtẹ̀gùn, wọ́n mirí. "Fífò ọ̀bọ yẹn ló bà á jẹ́."

Mo fọ́ pàákó náà mọ́wọ́, ó di ìyẹ̀fun, mo dà á sí Bàbá látẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbọn ọwọ́ nù, wọ́n ní àwọn á pe ìpàdé. Màmá àgbà ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́, la bá gbé wọn kúrò nílé.

Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹnu àwọn àgbà wọ̀nyí gan-an ni mo ti gbọ́ òwe yẹn. Ariwo lásán tó láti fi lé ọ̀bọ. Láti yọ pàákó, wọ́n ní láti fẹnu kò, wọn ò sì fẹnu kò títí màmá àgbà fi kú sí Ìkòròdú, nínú yàrá àyágbé.