Ràmọ́nì Ẹsẹ̀-Ló-Ṣáájú

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ìjà Ṣakí. Mùílì, akànṣẹ́ Ìsẹ́yìn, bọ́ sí ojú ìjà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ló wà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Peter, ọmọ Ṣakí tó ń bá a jà, kọ́kọ́ dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó rìn yí i ká bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ tà, ó yan ibi tó wù ú, ó sì gbá a níbẹ̀.

"Rìn!" ni èrò ń kígbe. "Ṣé wọ́n so ọ́ mọ́lẹ̀ ni?"

Mùílì ò rìn. Ó ń tẹ ẹsẹ̀. Ní abala kejì, ó ṣubú lulẹ̀, rẹfirí sì dá ìjà náà dúró. Obìnrin kan tó wá láti Òtù bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ yẹn ń ṣe?"

Ẹni náà jẹ́ ará Ìsẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Aṣọ ló ń hun."

Òótọ́ ló sọ. Ràmọ́nì Ọláyanjú ló kọ́ Mùílì, ìdí òfì ló sì ti kọ́ ọ.

Ahunṣọ ni Ràmọ́nì. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó kan ẹ̀ṣẹ́ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan péré. Ó na ọwọ́ kó tó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ara wọn, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹni tó ń bá a jà kò tíì fọwọ́ kàn án. Ńṣe ni ẹni náà yíjú sí rẹfirí, ó ní, "Ẹ gbà mí o, èmi kọ́."

Ràmọ́nì kò gbà pé òun ṣubú títí ó fi dàgbà.

"Mo tẹ̀ ba kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lè kọjá ni."

"Ẹ̀ṣẹ́ wo?"

"Èyí tí ì bá jù ká ní mo dúró."

Ó padà sídìí òfì. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí nǹkan. Ahunṣọ kì í ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá, kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ òfì. Ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà sáàárín òwú, ọwọ́ ló ń tẹ̀lé e. Bí ọwọ́ bá ṣáájú, òwú á já. Ràmọ́nì ní ohun tó gbé òun ṣubú gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò ṣubú.

Bó ṣe so ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ kọ́ sí àtíbàbà tí wọ́n ti ń hun aṣọ nìyẹn, tó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n wá. Ó fi wọ́n jókòó sídìí òfì.

"Bàbá, ẹ̀ṣẹ́ la wá kọ́," ni Mùílì wí.

"Òun náà lò ń hun yẹn. Ẹsẹ̀ ló ṣáájú!"

Orúkọ tó mọ́ ọn lórí nìyẹn. Mùílì hun aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé. Kó tó gbá ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó ti hun aṣọ ìgbéyàwó ara rẹ̀ tán. Kò sì tíì ní àfẹ́sọ́nà.

Kò sí ohun tí èèyàn lè sọ tí Ràmọ́nì kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan ó fẹ́ lọ ná ọjà Ìwéré-Ilé, ó ṣi ọkọ̀ wọ̀, Ìlúà ni wọ́n gbé e dé. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ibi tí ọkọ̀ dé rèé o. Ìlúà nìyí." Ràmọ́nì gbọn agbádá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ń wò ó bóyá ẹ̀yin náà á mọ̀ ni." Ó wá ń kí àwọn ará Ìlúà kiri títí ọ̀sán fi pọ́n, bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà Ṣakí, ẹnu rẹ̀ wọhò. Fídíò ìjà náà ti wà lórí fóònù gbogbo ará Ìsẹ́yìn kí òun àti Mùílì tó dé ilé. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, olórí àwọn ahunṣọ inú àtíbàbà náà, pè é.

"Ràmọ́nì, àwọn oníbàárà ti ń bi wá bóyá aṣọ wa náà máa ń ṣubú."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Lẹ́yìn Iléyá, Peter ń bọ̀ wá jà níbí. Bí ọmọ rẹ bá tún dúró sójú kan, tú ìbọ̀wọ́ rẹ kúrò nínú àtíbàbà yìí. A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níbí mọ́."

Ràmọ́nì kò ní ibòmíràn. Ó padà sílé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mùyìbátù ìyàwó rẹ̀ ń na òwú nínú àgbàlá. Wọ́n ti ri àwọn irin mọ́lẹ̀ ní ìlà. Ó di ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ òwú wà lára rẹ̀ mú, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń fi òwú kọ́ irin kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá.

"Bàbá Ṣubúọlá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni mo ti ń wò ó."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ahunṣọ, orí ìjókòó lẹ wà. Òwú ló ń wá bá yín. Èmi ni mò ń lọ bá a. Mo gbé ẹsẹ̀, mo fi lélẹ̀, mo kọ́ òwú. Mo tún gbé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó lẹ kọ́ Mùílì, ẹ wá ní kó lọ fi ìdúró ṣe é."

Ràmọ́nì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Nígbà tó yá, ó dìde.

"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ kú ìmọ̀," ni Mùyìbátù dá a lóhùn. Kò dúró, òwú ló ń nà lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni Mùílì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín irin, ọ̀pá òwú lọ́wọ́. Ó já òwú, Mùyìbátù bú u. "Ta ló ní kí o sáré? Ṣé òwú fẹ́ sá fún ọ ni?" Bó bá rìn tán, Ràmọ́nì á gbé ìbọ̀wọ́ lé e lọ́wọ́, á ní kó tún un rìn.

Lọ́jọ́ ìjà, òfì dákẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kún. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jókòó síwájú. Peter wọlé, ó ń tẹ ẹsẹ̀ sójú kan láti fi Mùílì ṣẹ̀sín, èrò sì ń rẹ́rìn-ín.

Agogo dún. Mùílì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ sójú kan.

"Yéè!" ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ó tún ti jókòó."

Peter rìn yí i ká láti yan ibi tó máa gbá, bó ti ṣe ní Ṣakí. Ẹsẹ̀ òsì Mùílì lọ síwájú, ó balẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ òsì tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó balẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tẹ̀lé e. Ó ń rìn lọ láti igi igun ojú ìjà kan dé èkejì, bí ìgbà tí Mùyìbátù ń na òwú. Kò sáré. Ibikíbi tí Peter bá yà sí, ẹsẹ̀ Mùílì ti dé ibẹ̀, ọwọ́ sì ń bọ̀. Nígbà tó di abala kẹta, Peter bínú, ó ju ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ gbì.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ràmọ́nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí Peter láàárín okùn tí wọ́n fi yí ojú ìjà ká.

"Dìde, ọmọ mi. O ò ṣubú. Ńṣe lo tẹ̀ ba."

Mùílì ló borí. Oníròyìn rédíò kan na ẹ̀rọ rẹ̀ sí Ràmọ́nì, ó ní ta ló kọ́ ọmọ yìí. Ràmọ́nì gbé àyà síta. "Èmi ni." Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí Mùyìbátù. "Èmi àti ìyàwó mi," ló wí.

Ìbọ̀wọ́ wà nínú àtíbàbà náà títí di òní. Kí ọdún tó yí po, Peter fúnra rẹ̀ kó ẹrù wá sí Ìsẹ́yìn wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n fi í jókòó sídìí òfì.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, Ràmọ́nì sùn, kò jí. Àwọn akànṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde lọ́sàn-án, Mùílì àti Peter ní iwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Mùílì na ọwọ́ láti ṣí ilẹ̀kùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Ó kọsẹ̀. Gbogbo wọn mì.

"Ẹsẹ̀ ló ṣáájú!"

Láti inú yàrá ni ohùn náà ti wá. Mùyìbátù ni. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á. Mùílì ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbé bàbá wọn jáde, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń balẹ̀ pọ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé nu ojú. "Ìyá Ṣubúọlá, ó dà bí ẹni pé ìwọ ni wàá máa kọ́ wọn báyìí. Háà, ká ní Ràmọ́nì mọ̀!"

Mùyìbátù ti jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń lọ.

"Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí. "Wọ́n ń wò ó bóyá ẹ̀yin náà á mọ̀ ni."