Táńpù Mélítà àti Ògiri Tó Tẹ̀

Òórùn ẹja gbígbẹ àti omi ọ̀sà kì í kúrò nínú gbọ̀ngàn tó wà ní Ganhi, ní Kútọnu, nígbà náà. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n tún fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé lọ́sàn-án gangan, nítorí òyìnbó Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté fẹ́ fi iná tan àwòrán sára aṣọ funfun fún wa. Ìwé ìròyìn wa ló kéde rẹ̀. Ọ̀gá mi fi èdè Faransé kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà dá lórí táńpù, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ Kútọnu: ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà là ń pè ní ẹgilíìsì, ti àwa Pùròtẹ́sítáǹtì ni táńpù. Kí ni ọ̀gá mi rò pé ìjọ Akpakpa, tó ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn tuntun láti ọjọ́ pípẹ́, yóò ka èyí sí?

Gbogbo àgbà ìjọ ló wá, tàwọn ti kóòtù nínú ooru yẹn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn tiwọn ni. Ìyá Ìjọ náà wá. Òun ló fi ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ta wọ́n lọ́rẹ. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un bóyá wọn yóò hú òkú náà. Bó bá bi bàbá ìjọ, "Ẹ ní sùúrù, Màmá" ni. Bó bá bi bíríkìlà, "Ẹ bi bàbá ìjọ" ni.

Òyìnbó tan iná. Òkúta ràgàjì-ràgàjì yọ, wọn ò ní òrùlé. Ó ní erékùṣù Mélítà ni wọ́n wà. Àgbà kan fọwọ́ tọ́ mi: "Níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Pọ́ọ̀lù ló kọ́ ọ?"

Mo ní rárá, ó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá Pọ́ọ̀lù.

"Ta wá ni pásítọ̀ wọn?"

Mo mí kanlẹ̀. Èmi ni mò ń túmọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí mò ń wí. Mo ṣàlàyé ẹnu ọ̀nà fún wọn, òkúta méjì lóòró, ọ̀kan ní ìbú lórí wọn; òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ara odidi òkúta kan ni wọ́n dá ojú ọ̀nà lu sí. Pẹpẹ wà, ọnà tó ká bí ìkarahun ìgbín wà lára òkúta. Àwọn yàrá kò ní igun. Wọ́n rí roboto bí ikùn ìkòkò, lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà àárín.

"Bí mo bá kọ́ irú èyí fún yín," bíríkìlà ìjọ wí, "ẹ ó ní mo mutí yó."

Òyìnbó ní nítòsí irú táńpù bẹ́ẹ̀, wọ́n tún gbẹ́ yàrá roboto sínú àpáta lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀. Bí mo ṣe túmọ̀ èyí, Ìyá Ìjọ dìde síwájú iná, òjìji gèlè rẹ̀ bo Mélítà mọ́lẹ̀.

"Ṣé wọ́n hú wọn kí wọ́n tó kọ́lé?"

Mo bi òyìnbó. Ìbéèrè náà kò yé e rárá. "Àwọn tó kọ́ ọ kò hú ẹnikẹ́ni," ó ní.

Màmá kọjú sí bàbá ìjọ. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Abọ̀rìṣà ò hú òkú wọn. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ńkọ́?"

Àwọn Àgùdà tó wá wòran lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ìjọ nu ojú. "Màmá, a ò ní hú u."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Akọ̀ròyìn wà níbí."

Ó sọ ọ́ sókè. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn. Ní ọjọ́ kejì ọ̀gá mi pariwo lé mi lórí pé òkúta ni òun ní kí n kọ, sàréè ni mo kọ wá.

Ilé ìjọsìn tí wọ́n padà kọ́ náà ṣì wà ní Akpakpa. Ògiri rẹ̀ kan tọ́ dé ibì kan, ó tẹ̀ roboto yí sàréè ká, ó sì tún tọ́ lọ. Àlejò máa ń ní bíríkìlà mutí yó, ó sì ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Gbogbo ayé mi ni mo fi bá àwọn tó ń ṣi ọ̀rọ̀ lò jà. Síbẹ̀, ká ní ọ̀gá mi lo ọ̀rọ̀ tó tọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó pè é ní ahoro àtijọ́ dípò táńpù ni, àwọn àgbà ìjọ ì bá jókòó sílé wọn, ògiri náà ì bá sì tọ́ gbọnrangandan kọjá lórí ọkọ Màmá.